Ṣé Fáìlì Ló Bàjẹ́ ni àbí Áàpù? Ọ̀rọ̀ Lórí Orin Inú Fóònù Wa

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe ní Ẹ̀pẹ́ nìyí, fún àwọn tó ń já orin sí fóònù, àwọn díjéè àti àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ níbi ayẹyẹ. Mo ti gé púpọ̀ nínú àwàdà kúrò, mo sì fi díẹ̀ lára ìbéèrè àwọn èèyàn sí ìsàlẹ̀.

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. N ò ní pẹ́ lórí ìkíni, torí mo mọ̀ pé àwọn kan ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wá síbí ni.

Ẹjọ́ tí mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu oníbàárà yín ni pé, "Áàpù yìí ò dáa, ohùn orin ti ha." Wọ́n á yọ áàpù kan kúrò, wọ́n á gbé òmíràn sí i, orin á ṣì máa ha. Ibi méjì ni orin ti lè bàjẹ́. Ó lè bàjẹ́ nígbà tí wọ́n ń fún un pọ̀ kó lè kéré, ó sì lè bàjẹ́ nígbà tí à ń gbọ́ ọ. Èyí tó bàjẹ́ nígbà tí à ń gbọ́ ọ ṣe é tún ṣe. Èyí tó bàjẹ́ nígbà ìfúnpọ̀, kò sí áàpù kankan tó lè dá a padà. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì á kàn máa fi dátà ṣòfò ni.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí síídì. Láti kó ohùn sínú síídì, ìgbà 44,100 ni wọ́n ń wọn ìró náà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti etí ọ̀tún lọ́tọ̀, ti etí òsì lọ́tọ̀. Bíìtì 16 (bíìtì ni àmì òdo tàbí ení tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nǹkan) ni wọ́n sì fi ń kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó tó 1,411 kilobit ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn bíi megabáìtì mẹ́wàá fún ìṣẹ́jú kan. Ojú kan orin fújì tó gba ogún ìṣẹ́jú á gbà ju megabáìtì 200 lọ. Láyé ìgbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gba inú wáyà tẹlifóònù, ta ló fẹ́ dúró de ìyẹn?

Àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Fraunhofer ní ìlú Erlangen, ní Jámánì, wà lára àwọn tó wá ojútùú sí i. Karlheinz Brandenburg ni orúkọ tí wọ́n máa ń dá jù nínú wọn. Ìlànà náà, tí à ń pè ní MP3, jáde ní 1993, àmọ́ oṣù keje 1995 ni wọ́n tó fẹnu kò sí .mp3 tí gbogbo wa mọ̀ yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ti zip o. Ohun tí ẹ bá dì sínú zip, bó ṣe wà náà lẹ máa bá a tẹ́ ẹ bá tú u. MP3 ń jù nǹkan nù, kò sì fi pamọ́ síbì kankan. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ni pé ohun tí etí ọmọ ènìyàn kò ní fura sí ló ń gbìyànjú láti jù nù.

Etí tó jí pépé ń gbọ́ láti nǹkan bí 20 Hertz (iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) dé 20,000, ṣùgbọ́n kì í gbọ́ gbogbo rẹ̀ bákan náà. Láàárín 2,000 sí 5,000 ló ti mú jù. Ti òkè pátápátá yẹn, ọjọ́ orí á máa mú un lọ díẹ̀díẹ̀ (àwa tí irun wa ti ń funfun níbí, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa). Lẹ́yìn ìyẹn, ìró ńlá máa ń bo ìró kékeré tó bá wà nítòsí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí ìyáàlù bá ń ké, ẹni tó bá rọra fi ìka kan awọ omele lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kàn ń dá ara rẹ̀ lára yá ni. MP3 á fi bíìtì díẹ̀ kọ ohun tí ìró ńlá bò, á sì fi bíìtì púpọ̀ kọ ohun tó hàn ketekete. Tí wọ́n bá sọ pé fáìlì kan jẹ́ 128, kilobit 128 ló ń ṣàn jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìdá kan nínú mọ́kànlá ti síídì nìyẹn.

Ẹ ya ọjà Olúwo, ẹ wo ẹja tí wọ́n ti yan gbẹ. Ó fúyẹ́, ó ṣe é kó rìnrìn àjò, ó sì dùn lọ́bẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi omi gbígbóná rẹ ẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní padà di ẹja tútù. Ẹni tó bá gba fáìlì 128, tó fi áàpù yí i padà sí 320, omi ló fi rẹ ẹja gbígbẹ. Fáìlì tóbi sí i, ohùn ò sàn sí i. Kódà á tún burú díẹ̀, torí ìfúnpọ̀ ẹ̀ẹ̀kejì á ju tirẹ̀ nù lórí ohun tí ti àkọ́kọ́ ti jù nù. Púpọ̀ nínú orin "320" tó ń káàkiri kádì àwọn èèyàn, irú rẹ̀ ni.

Báwo wá ni ìbàjẹ́ yìí ṣe ń dún? Ẹ má lọ wò ó lára gángan. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tó ń gbé ọ̀rọ̀ gángan dúró sí ibi tí MP3 kì í fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ bà, nítorí náà oríkì á ṣì yé yín nínú fáìlì tó ti jẹ̀yà. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fetí sí. Ìró ìlẹ̀kẹ̀ lára igbá wà lókè, ó fọ́n káàkiri, kò dúró lójú kan, bíìtì díẹ̀ kò sì lè mú un. Ní 96 tàbí 64, dípò ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, wọ̀ṣọ̀wọ̀ṣọ̀ ló máa ń ṣe. Àtẹ́wọ́ èrò náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Agogo ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, òun sì ni mo fẹ́ràn jù láti fi dán fáìlì wò. MP3 ń gé orin sí ègé, ègé kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n 1,152 nínú, kò sì tó ìdá kan nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá. Àṣìṣe tó bá wọ inú ègé kan máa ń tàn ká gbogbo rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tó bá jẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló ṣáájú, tí wọ́n wá lu agogo ní àárín ègé náà, àṣìṣe á tàn dé inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Ẹ ó gbọ́ "ṣì" kékeré kan kí igi tó kan irin. Etí yín ò purọ́. Ìró náà ti ṣáájú ọwọ́ onílù ni.

Ẹ̀rọ ìfúnpọ̀ tó dáa máa ń rí ìlù tó ń bọ̀, á sì gé ègé rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ níbẹ̀ kí àṣìṣe má bàa ráyè rìn. LAME, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1998, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́, mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Ìdí nìyẹn tí fáìlì 128 méjì kì í fi í dọ́gba: ẹni tó fún un pọ̀ ṣe pàtàkì bíi nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára.

Ẹ má sì máa fi ojú gbọ́ orin. Áàpù kan wà fún kọ̀ǹpútà, Spek, tó máa ń ya àwòrán ohun tó wà nínú fáìlì. Tí wọ́n bá kọ 320 sí i, tí àwòrán sì gé gbọnrangandan ní nǹkan bí 16,000 Hertz, ẹ fura. Àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì àpàlà àtijọ́ lè má ní ohunkóhun lókè ibẹ̀ látilẹ̀wá, ẹ má tìtorí rẹ̀ bú ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ìdánwò tó pé ni kí ẹ gbọ́ méjèèjì láìmọ èwo ni èwo. foobar2000, áàpù tí wọ́n fi ń gbọ́ orin lórí kọ̀ǹpútà, ní àfikún kan tó ń ṣe é, ABX ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó ń fọ́nnu pé etí òun ò lè gba orin 192, ẹ gbé e ka iwájú ABX, ẹ ó rí i tí ẹnu rẹ̀ á wálẹ̀. Ní tèmi, 128 tí LAME ṣe tó fún inú dánfó. Ẹni tó bá ń tà á fún díjéè, kó má lọ sílẹ̀ ju 192. Èyí tí a fẹ́ fi pamọ́ fún ọmọ, FLAC ni kó jẹ́, irú fáìlì tó ń fún orin pọ̀ àmọ́ tí kì í ju ohunkóhun nù.

Ó wá ku áàpù. Kí ẹ tó dá a lẹ́bi, ẹ gbé fáìlì kan náà sínú áàpù mìíràn, VLC á ṣe é, kí ẹ sì gbé fáìlì mìíràn sínú áàpù àkọ́kọ́. Tí fáìlì bá ha níbi gbogbo, ẹjọ́ ti parí. Tó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo ló ti ha, ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń fa béèsì sókè. Ohùn inú ẹ̀rọ ní àjà tí kò lè kọjá. Tí ẹ bá gbé béèsì lórí orin tó ti kan àjà tẹ́lẹ̀, á gé lórí, á sì máa ha. Ẹ dá a padà sí òdo.

Tí orin bá ń dá dúró dá dúró, ẹ kó o kúrò nínú kádì sínú fóònù fúnra rẹ̀. Ayédèrú kádì pọ̀ lọ́jà. Tó bá jẹ́ sípíkà Bluetooth ni, ẹ fi wáyà dán an wò, torí Bluetooth náà tún ń fún orin pọ̀ kó tó gbé e lọ. Tó bá jẹ́ pé bí ojú fóònù bá ti kú ni orin ń kú, ètò tó ń ṣọ́ bátìrì ló ń pa á. Tí odidi fódà kan bá pòórá lójú áàpù, ẹ wò ó bóyá fáìlì .nomedia wà nínú rẹ̀. Òun ló ń sọ fún Android pé kó má wobẹ̀.

Fújì ogún ìṣẹ́jú tí áàpù sọ pé ó jẹ́ ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ńkọ́? Bíìtì fáìlì yẹn kì í dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àkọlé tó yẹ kó sọ bó ṣe gùn tó sì ti já kúrò níwájú rẹ̀, ni áàpù bá ń méfò. foobar2000 lè tún àkọlé yẹn kọ, kò ní fọwọ́ kan ohùn.

Ti orúkọ orin ló máa ń dùn mí. ID3 ni ibi tí orúkọ ń gbé nínú MP3. Ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ fún orúkọ orin ní àyè lẹ́tà 30 péré, lẹ́tà ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù nìkan ni wọ́n sì sábà máa ń kọ síbẹ̀. Ó mọ é àti è, torí àwọn Faransé ń lò wọ́n. Kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ ṣ. Nítorí náà ni orúkọ àwọn olórin wa fi ń kún fún àmì ìbéèrè. Ẹ fi áàpù Mp3tag tún un kọ ní ẹ̀dà ID3v2.3 pẹ̀lú UTF-16, ìlànà ìkọ̀wé tó mọ àwọn lẹ́tà wa, á dúró.

Lára ìbéèrè tí wọ́n bi mí:

Ọ̀dọ́kùnrin kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, fídíò Káyókáyó tí mo ká, ohùn rẹ̀ dáa lórí fóònù mi. Kí ló dé tó bàjẹ́ nígbà tó dé ọwọ́ àwọn ará ilé l'Ékòó?" Ẹ̀yin ará Èkó-Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé ọdún tí a fi ń rántí bí Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe gúnlẹ̀ síbí ni, lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lé wọn kúrò l'Ékòó ní 1851. Kò yẹ kí ìlù irú ọdún bẹ́ẹ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà. WhatsApp ló fún un pọ̀ kó tó gbé e lọ. Mo ní kó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document, bó ṣe wà náà ló máa dé.

Àlàájà kan ní kásẹ́ẹ̀tì wáàsí ọkọ òun tó ti dolóògbé ń bẹ nílé, òun fẹ́ kó wọn sínú kọ̀ǹpútà. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òwú àti spirit nu orí ẹ̀rọ tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì ná, kí wọ́n sì gbà á sílẹ̀ ní WAV, irú fáìlì tí wọn ò fún pọ̀." Oní-ọgọ́ta ìṣẹ́jú kan á gba nǹkan bíi megabáìtì 635, kádì 64GB á sì gba tó ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀. FLAC á tún dín in kù láìpàdánù ohunkóhun. Mo ní kí wọ́n má tíì fi áàpù kankan yọ ariwo kúrò lára ẹ̀dà tí wọ́n máa fi pamọ́, torí ó máa ń yọ ohùn mọ́ ọn. Èyí tí àwọn ọmọ fẹ́ pín lórí fóònù, kí wọ́n yọ MP3 64 láti ara rẹ̀, ohùn kan ṣoṣo fún etí méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló wà nínú wáàsí, 64 tó o.