Gíga Òpó Èéfín Kò Yọ Ásíìdì Kúrò Nínú Òjò

Kò sí òjò tí kò ní ásíìdì díẹ̀ nínú, nítorí pé carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ máa ń yòrò mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí òjò tí kò bá èéfín pàdé fi máa ń wà ní nǹkan bí 5.6 lórí òṣùwọ̀n pH, èyí tí wọ́n fi ń mọ bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó nínú omi. Èyí tó bá rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa ni à ń pè ní òjò ásíìdì, bí nọ́ńbà náà bá sì fi ẹyọ kan ṣoṣo wálẹ̀, ásíìdì inú omi ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Gáàsì oríṣi méjì ló ń fà á jù: sulphur dioxide tó ń jáde nígbà tí wọ́n bá ń sun èédú tó ní imí-ọjọ́, tàbí tí wọ́n bá ń yọ́ irin láti inú òkúta, àti àwọn gáàsì nitrogen oxide tó ń ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àti ilé iṣẹ́ amúnáwá wá. Àwọn kan fẹ́ràn láti di ẹ̀bi ru òkè ayọnáyèéfín. Lóòótọ́ ni irú òkè bẹ́ẹ̀ ń tú imí-ọjọ́ síta, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan ní Manchester, níbi tí onímọ̀ kẹ́místrì Robert Angus Smith ti rí ásíìdì nínú òjò ní 1852.

Ọ̀rọ̀ òpó èéfín ni mo wá sọ gan-an. Ẹ mọ ìtàn èéfín London ti 1952, tó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, n kò ní tún un rọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, dípò kí àwọn onílé-iṣẹ́ mú gáàsì náà kúrò, ńṣe ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ́ òpó wọn ga sí i. Èyí tí wọ́n kọ́ sí Sudbury, ní Kánádà, ga tó mítà 381. Afẹ́fẹ́ ìlú náà mọ́ sí i, ṣùgbọ́n gáàsì tó bá gòkè báyẹn lè wà lójú ọ̀run fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kó di ásíìdì nínú ìkùukùu, kó sì rọ̀ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹni tó gbá ìdọ̀tí yàrá rẹ̀ sí ojúlé aládùúgbò kò tíì gbálẹ̀. Nígbà tí Svante Odén, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní Sweden, ké gbàjarè ní 1967 pé èéfín ilẹ̀ òkèèrè ló ń ba omi Sweden jẹ́, ẹ̀rí ni àwọn tó ni òpó ń bèèrè. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi bèèrè rẹ̀.

Ibí yìí ni olùgbọ́ kan ti bi mí pé, bó bá jẹ́ òjò kan náà ló ń rọ̀, kí ló dé tí ẹja fi ń kú tán nínú adágún kan, tí òmíràn nítòsí rẹ̀ kò sì rí bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè yìí dára ju ohun tí mo kọ sílẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ló fa ìyàtọ̀. Níbi tí òkúta ẹfun bá wà, ó máa ń pa agbára ásíìdì. Níbi tó bá jẹ́ akọ òkúta pẹ̀lú erùpẹ̀ fẹ́lẹ́, ásíìdì a fọ calcium àti magnesium tí igi ń jẹ kúrò, a sì tú aluminium sílẹ̀ sínú omi, èyí tó ń ba ẹ̀yà tí ẹja fi ń mí jẹ́. Bí yìnyín òtútù bá yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ásíìdì tó ti kó jọ láti oṣù pípẹ́ a wọ odò lápapọ̀, ní àkókò tí ẹyin ẹja ń pa. Ẹ wá wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé èéfín náà lọ: gúúsù Norway àti Sweden, tí akọ òkúta pọ̀ sí jọjọ.

Ilẹ̀ kì í sì í tètè bọ̀ sípò, kódà bí òjò bá ti mọ́. Ní igbó Hubbard Brook, ní New Hampshire ní Amẹ́ríkà, níbi tí Gene Likens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń yẹ òjò wò láti 1963, àwọn olùwádìí ní láti fi hẹlikọ́pítà da calcium sórí igbó kan ní 1999 kí ara igi tó le sí i.

Àkókò ti lọ, nítorí náà n ó kàn fọwọ́ ba ìyókù. Ásíìdì ń sọ ojú òkúta mábù di gypsum, ohun rírọ̀ kan tí òjò ń fọ̀ lọ, ó sì wà lára ìdí tí wọ́n fi kó àwọn ère obìnrin Acropolis, ní Athens ní ilẹ̀ Gíríìsì, wọ inú ilé ní 1979. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Geneva lórí èéfín tó ń ré kọjá ẹnubodè. Ní 1985, àwọn orílẹ̀-èdè kan gbà ní Helsinki láti dín imí-ọjọ́ kù ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i. Òfin Amẹ́ríkà ti 1990 ló wá fi òdiwọ̀n sí iye sulphur dioxide tí àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá lè tú síta. Ohun tó ṣiṣẹ́ jù ni ẹ̀rọ tó ń fi òkúta ẹfun gba sulphur dioxide kí èéfín tó jáde rárá. Gypsum ni ohun tí ẹ̀rọ náà ń mú jáde, wọ́n sì ń fi ṣe pátákó ògiri.