Ẹran Dà? Ọ̀rọ̀ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Gbé Ìwádìí Rẹ̀ Lọ Síbi Ìdíje

Gwagwalada ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí, níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ọmọ Yorùbá, tó ń múra láti lọ díje pẹ̀lú iṣẹ́ ìwádìí wọn. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá. Mo ti tún un tò díẹ̀, mo sì ti yọ àwọn ẹ̀fẹ̀ tí kò yẹ lójú ìwé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà tó wà níbí. Tiyín tún yàtọ̀ sí ti ọdẹ yẹn. Ẹ fẹ́ fún wa jẹ lóòótọ́, àmọ́ ìṣẹ́ àti ìyà lẹ ń bù sí wa láwo. Ẹ ó dìde, ẹ ó ka àkọlé iṣẹ́ yín, àkọlé tó gùn bí ọ̀nà Lokoja. Ẹ ó sọ iye oṣù tí ẹ fi wá ẹ̀rọ, iye fọ́ọ̀mù tí ẹ pín, orúkọ ọ̀nà ìṣirò tí ẹ lò. Aago á dún, ẹ ò sì tíì sọ ohun tí ẹ rí. Mo ti jókòó ṣe adájọ́ níbi irú ìdíje báyìí nígbà mélòó kan. Ohun tí mo máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: "Ẹran dà?"

Ẹ ó ti gbọ́ nípa Three Minute Thesis, tí wọ́n ń ké kúrú sí 3MT, ìdíje tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ta péré sọ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2008. Ìtàn tí àwọn fúnra wọn máa ń sọ ni pé ọ̀dá dá nígbà náà, wọ́n sì ń rọ ará ìlú pé kí wọ́n má wẹ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Làwọn èèyàn bá ń lẹ aago kékeré tí wọ́n fi ń ka àkókò ẹyin sísè mọ́ ògiri balùwẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Alan Lawson, tó ń darí ẹ̀ka àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onípò gíga níbẹ̀, ló rí i pé bí ìṣẹ́jú mẹ́ta bá tó èèyàn wẹ̀, ó yẹ kó tó o ròyìn iṣẹ́ rẹ̀. Àwa tí à ń ra omi lọ́wọ́ mai ruwa ní Abuja ńkọ́? Ta ló nílò aago kó tó mọ̀ pé omi ń tán lọ!

Òfin ìdíje náà le. Àwòrán kan ṣoṣo ni wọ́n á gbé sára ògiri, kò gbọdọ̀ yí, kò gbọdọ̀ mira. Kò sí orin, kò sí ohun àfihàn lọ́wọ́. Bó o bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n ti yọ ọ́ nìyẹn. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ìwé àpilẹ̀kọ tó ní ọ̀rọ̀ 80,000 yóò gba wákàtí mẹ́sàn-án kí èèyàn tó sọ ọ́ tán. Ẹ ṣe ìṣirò náà fúnra yín: nínú ọ̀rọ̀ 180, ọ̀kan péré ni wọ́n ní kó o mú wá. Ìdíje míì wà tí wọ́n ń fún yín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tàbí tí wọ́n ń ní kí ẹ lẹ iṣẹ́ yín mọ́ pátákó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kàn máa ń jẹ́ kí ẹ ráyè ro ìyà dáadáa ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọbìnrin kan fún yín. Ó wá bá mi nílé ní Kubwa nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó lọ díje. Koríko kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Striga ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé. Àwọn àgbẹ̀ Hausa ń pè é ní wuta-wuta, iná-iná, torí oko àgbàdo àti ọkà bàbà tó bá wọ̀ máa ń rí bí ohun tí iná rà. Ó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi, Gẹ̀ẹ́sì dídán gbinrin. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló lo ọ̀rọ̀ ńlá tó túmọ̀ sí pé ewéko kan ń jẹ lára òmíràn, mi ò sì rí àgbàdo kankan lójú ọkàn mi. Mo ní, "Sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá." Ó rẹ́rìn-ín. "Sà, kò sí Yorùbá fún un."

Ìyàwó mi tó ń ṣa ẹ̀fọ́ nítòsí ló dá a lóhùn: "Ṣé kì í ṣe àfòmọ́ nìyẹn?"

Gbogbo wa la mọ àfòmọ́. Àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Èyí ní gbòǹgbò tiẹ̀, mà. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń so ó mọ́ ti àgbàdo, ibẹ̀ ló ti ń fa omi àti oúnjẹ rẹ̀ mu. Kí òdòdó rẹ̀ tó yọ lókè, àgbàdo ti ń kú lọ." Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde! Ó ní igi wuta-wuta kan ṣoṣo lè so irúgbìn tó ju 10,000 lọ, tí wọ́n kúnná bí àtíkè. Wọ́n lè sùn nínú ilẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Kí ni wọ́n ń retí? Oje tó ń ti ara gbòǹgbò àgbàdo jáde. Bó bá ti kàn wọ́n báyìí, wọ́n á jí.

Ibi tó dùn jù nìyí: sóyà náà ń sun irú oje bẹ́ẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá gbin sóyà lọ́dún kan, irúgbìn wuta-wuta á rò pé àgbàdo ti dé. Á jí, á hù, kò sì ní rí ibi fẹnu sí, torí kò lè jẹ lára sóyà. Á kú síbẹ̀. "Sà, a tàn án ni."

A tàn án ni! Nínú ìwé tó kọ́kọ́ kà fún mi, ìparí pátápátá ni ọ̀rọ̀ yìí wà, lẹ́yìn tó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ alábòójútó rẹ̀. Mo ní kó gbé e wá síwájú.

Mi ò ní kí ẹ lọ máa sọ Yorùbá fún adájọ́ tó ti Maiduguri wá o. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń díje, Gẹ̀ẹ́sì náà lẹ ó sọ, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má fi imú sọ ọ́. Ilé ni kí ẹ ti fi Yorùbá dán an wò, torí Gẹ̀ẹ́sì ilé-ìwé máa ń jẹ́ kéèyàn fi ọ̀rọ̀ ńlá bo ibi tí kò yé e. Bó o bá sọ fún ìyá rẹ pé ewéko kan ń jẹ lára èkejì, á bi ọ́ pé ẹnu wo ló fi ń jẹ ẹ́, ibẹ̀ ni wàá ti mọ̀ bóyá o mọ̀ ọ́n. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ tó kù. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Nyanya tàbí Kaduna, tí Yorùbá yín ò jinlẹ̀, ẹ fi Hausa sọ ọ́ fún mai ruwa yín.

Ní ti nọ́ńbà, ẹ mú ẹyọ kan. Ká ní ìdá 40 nínú 100 ni àgbàdo tó ṣòfò, sọ fún wa pé nínú àpò mẹ́wàá tó yẹ kó wọlé, mẹ́rin ò wọlé. Ìyá tó ń ta àgbàdo lọ́jà Gwagwalada á mọ̀ bó ṣe dunni tó.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan nawọ́ sókè níbí. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí adájọ́ bá bi mí pé kí ni tuntun nínú iṣẹ́ mi ńkọ́?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, ó sì bá ti ọmọ wuta-wuta náà mu. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tó wà ní Samaru, Zaria, ti wà láti 1922. Orúkọ SAMMAZ tí ẹ ń rí lára àpò irúgbìn àgbàdo, Samaru ló ti wá. IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn míì tó wà ní Ìbàdàn, náà ti bá Striga jà títí. Ta ni yóò gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tó rí i pé sóyà ń tan koríko? Ohun tí ọmọbìnrin náà sọ nígbà tí àwọn adájọ́ bi í nìyí: "Àwọn tó ṣaájú mi ló mọ̀ pé sóyà ń tàn án. Èmi lọ wo oko àgbẹ̀ mẹ́fà lẹ́bàá Giwa, kí n lè mọ èyí tó ń tàn án jù nínú irú sóyà tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀." Òkété ni ó pa, kì í ṣe erin. Àmọ́ òun ló pa á, a sì rí i lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí o ò bá mọ ìdáhùn, sọ pé, "Mi ò tíì wo ibẹ̀, sà," kó o sì sọ ibi tó o wò. Ojú mi ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe fi ìgboyà parọ́ fún adájọ́ kan tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ náà gan-an. Màmá adájọ́ náà ò bínú, ó kàn ń mi orí, ó sì tún bi í ní ìbéèrè mìíràn. Èmi ni mo ń làágùn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ mi parí, mo ní kí àwọn kan dìde dán tiwọn wò. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣèwádìí omi kànga ní Kwali ló kẹ́yìn. Iná ti lọ kó tó dìde, jẹnẹrétọ̀ ò tíì jí, ògiri ṣófo. Mo ní kó ní sùúrù, ó ní rárá. Ó bẹ̀rẹ̀: "Kànga mẹ́ta ló wà ládùúgbò wa. Omi ọ̀kan mọ́ gaara, òun náà ló burú jù." Kò sẹ́ni tó tún wúkọ́. Ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá 50 ló lò lórí fóònù mi. Bó ṣe jókòó ni iná dé, àwòrán yọ lára ògiri, gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín: kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀wà ni wọ́n gbé síbẹ̀, iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀.