Iṣẹ́ Ni Ká Kọ́kọ́ Mọ̀, Ká Tó Wá Ẹni Tí Yóò Ṣe É: Ọ̀rọ̀ Lórí Yíyan Ikọ̀ Bọ́ọ̀lù Alájùsáwọ̀n Orílẹ̀-Èdè

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ilé ẹ̀kọ́, òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ sọ ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá láti Ifẹ̀, Mọdákẹ́kẹ́ àti Iléṣà, ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìjókòó o.

Ẹni méjìlá péré ni òfin gbà kí orílẹ̀-èdè mú lọ sí ìdíje àgbáyé. Márùn-ún ló ń wà lórí pápá lẹ́ẹ̀kan, bọ́ọ̀lù sì jẹ́ ẹyọ kan. Bí a bá wá kó ẹni méjìlá jọ tó jẹ́ pé kálukú wọn ló ń jù ú sáwọ̀n jù ní kíláàbù tirẹ̀, ta ni yóò fò gba èyí tí kò wọlé? Ta ni yóò lẹ̀ mọ́ ẹni tó gbóná jù nínú àwọn alátakò? Ìdí rèé tí mo fi ń sọ pé iṣẹ́ ni ká kọ́kọ́ mọ̀, ká tó máa dárúkọ ènìyàn.

Amẹ́ríkà pàápàá ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti Athens lọ́dún 2004, wọ́n kó àwọn ìràwọ̀ lọ: wọ́n ní Tim Duncan, wọ́n ní Allen Iverson, LeBron James tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ wà níbẹ̀. Puerto Rico nà wọ́n ní 92 sí 73. Nígbà tó ku ikọ̀ mẹ́rin, Argentina tún nà wọ́n ní 89 sí 81, àmì ẹ̀yẹ idẹ ni wọ́n gbé délé. Àwọn ọmọ Argentina ti jọ ń gbá bọ́ọ̀lù tipẹ́. Àwọn ló gba wúrà. Lọ́dún 2005, wọ́n fi Jerry Colangelo ṣe olórí ètò náà ní Amẹ́ríkà, ó sì ní ẹni tó bá fẹ́ wọ aṣọ orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ fi ọdún mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n dé Beijing lọ́dún 2008, wúrà ni wọ́n gbà.

Òfin FIBA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù yìí lágbàáyé, náà tún dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú 40 ni eré wọn, ti NBA, líìgì ńlá Amẹ́ríkà, jẹ́ 48. Fáòlù márùn-ún ló ń lé ènìyàn jáde, kì í ṣe mẹ́fà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni pé, ní NBA, ẹni tó ń ṣọ́lé kò gbọdọ̀ lò ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ nídìí agbọ̀n bí kò bá ní ẹni tó ń ṣọ́. FIBA kò ní òfin yẹn. Òmìrán lè dúró síbẹ̀ títí eré á fi parí. Ẹni tó bá sáré wọlé, igbá àyà òmìrán ni yóò fi orí sọ. Nítorí náà, ẹ gbọ́dọ̀ ní ẹni tó lè ju bọ́ọ̀lù láti ìta, lẹ́yìn ìlà mítà 6.75, kí òmìrán náà lè jáde wá.

D'Tigers, ikọ̀ ọkùnrin Nàìjíríà, ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Las Vegas ní July 10, 2021. Ogún bọ́ọ̀lù alámì mẹ́ta, èyí tí wọ́n jù láti ẹ̀yìn ìlà yẹn, ló wọlé fún wọn, wọ́n sì na Amẹ́ríkà ní 90 sí 87. Ariwo ayọ̀ sọ jákèjádò Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé Tokyo, Australia, Jámánì àti Ítálì ló nà wọ́n tẹ̀léra. Lójú tèmi, a ti yan ajù-láti-ìta tó, a kò yan ẹni tí yóò mú bọ́ọ̀lù dání kí ara tó balẹ̀ nígbà tí eré bá le.

Ẹ wá wo àwọn obìnrin wa, ìwúrí ńlá ni wọ́n jẹ́ fún mi. Ní Paris lọ́dún 2024, D'Tigress, ikọ̀ obìnrin Nàìjíríà, na Australia ní 75 sí 62, wọ́n na Canada ní 79 sí 70, wọ́n sì di ikọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó dé ìpele ikọ̀ mẹ́jọ ní Òlíḿpíìkì. Rena Wakama ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Agbábọ́ọ̀lù wọn, Ezinne Kalu, ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2017. Ojú ti mọ ojú, ẹnì kan kò ní láti pariwo kí ẹnì kejì tó mọ ibi tó ń lọ.

Ó kan àwa tí a wà nílé. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọkùnrin kan tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínǹṣì mẹ́rin. Òun ló ga jù ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbí, a ó ní kó lọ dúró sábẹ́ agbọ̀n kó na ọwọ́ sókè. Yóò gba ife ẹ̀yẹ fún wa. Ọjọ́ tó bá dé àgọ́ ikọ̀ orílẹ̀-èdè, yóò bá àwọn tó súnmọ́ ẹsẹ̀ bàtà méje níbẹ̀. Wọ́n á ní kó gbé bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn wá síwájú. Kò gbé e rí! Ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó máa gbé e láti ìsinsìnyí. Bí ẹ bá sì ń wo ọmọ, ẹ má wo agbọ̀n nìkan. Tí wọ́n bá já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ó ń sá padà ni, àbí ó ń wo rẹfirí?

Bàbá kan béèrè bóyá kí á kúkú fi àwọn tó dàgbà sílé nìkan ṣe é. Rárá, sà. Ẹ wo Giannis Antetokounmpo, ìràwọ̀ NBA: ọmọ Yorùbá ni bàbá rẹ̀. Gíríìsì ni ọmọ náà ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Nneka Ogwumike, agbábọ́ọ̀lù obìnrin ní Amẹ́ríkà, fẹ́ gbá fún wa ní Tokyo, FIBA kọ̀ nítorí pé ó ti gbá fún Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá gba páásípọ́ọ̀tù orílẹ̀-èdè kan lẹ́yìn ọdún 16, ẹyọ kan irú rẹ̀ péré ni FIBA máa ń gbà nínú ikọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní Houston tàbí London tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù yìí, ẹ gba páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà fún un kó tó pé ọdún 16, kí ẹ sì tọ́jú ti àtijọ́ bí ẹ bá gba tuntun, torí ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni wọn yóò béèrè.