Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Àwòrán Ẹ̀fẹ̀ Ìṣèlú Amẹ́ríkà Láyé Àná àti Lóde Òní

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lọ́jọ́ tí mo ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí, àwòrán kan ni mo kọ́kọ́ gbé síwájú àwọn tó wá gbọ́ ọ. Òun náà ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ níbí.

Ọkùnrin kan ń sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté. Ó gbé ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́, aṣọ ọrùn rẹ̀ jẹ́ ti tálákà. Àwọn olówó márùn-ún dúró dè é lórí ilẹ̀, wọ́n wọ aṣọ olówó iyebíye, wọ́n na ọwọ́ sí i pé kó padà síbi tó ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn wọn. Òjìji wọn nà gbọọrọ lẹ́yìn wọn, òjìji ọ̀hún kò sì jọ olówó rárá. Òjìji tálákà tó gbé ẹrù rẹ̀ wọ̀lú ni, àwọn fúnra wọn tàbí bàbá tó bí wọn, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Joseph Keppler ló yà á, inú ìwé ìròyìn Puck ló ti jáde ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1893. Ọdún kan ṣáájú ìgbà náà ni ìjọba ṣí Ellis Island, níbi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn àtìpó wò kí wọ́n tó gbà wọ́n wọlé sí New York. Keppler alára kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, Vienna ni wọ́n bí i sí. Ohun tó kọ sábẹ́ àwòrán náà ni pé afárá tó gbé àwọn olówó yìí àti bàbá wọn kọjá ni wọ́n fẹ́ dí mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo pẹ́ nídìí àwòrán yìí nítorí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn olówó márùn-ún yẹn lẹ́nu àwọn ọmọ Yorùbá kan tó ti gba ìwé ọmọ onílùú ní Amẹ́ríkà. Ó dùn mí lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ, ó ṣì ń dùn mí di òní.

Àwòrán ẹ̀fẹ̀ la ń pe irú iṣẹ́ yìí, orúkọ náà sì bá a mu. Ẹni tó bá ti ṣe àìsùn ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dé rí ní ilẹ̀ Kétu mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ju àwàdà lọ. Ẹlẹ́fẹ̀ a máa fi orin tú àṣírí ẹni tó hùwà burúkú, ìbáà ṣe ọlọ́lá, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ mú un sí i. Ohun tí ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ń fi gègé ṣe náà nìyẹn, àmọ́ òun kò ní ìbòjú: orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àwòrán.

Ní Amẹ́ríkà, Thomas Nast ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní baba iṣẹ́ yìí. Jámánì ni wọ́n bí i sí ní 1840, ọmọdé ni nígbà tó dé New York. Lọ́dún 1871 ó dojú ìjà kọ William Tweed, ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣèlú Tammany Hall, tó ń jí owó ìlú New York kó. Nínú àwòrán kan, ó to Tweed àtàwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ yíká bí agbo eré òṣùpá. Ìbéèrè náà ni pé ta ló jí owó ará ìlú? Oníkálukú wọn nàka sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí ìka fi yípo padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bi olóṣèlú léèrè owó ìlú kò nílò ògbufọ̀ fún èyí. Wọ́n ní Tweed sọ pé ohun tí wọ́n ń kọ nípa òun kò ká òun lára, torí àwọn tó ń dìbò fún òun kò mọ̀wé kà, àmọ́ àwòrán yẹn, wọ́n ń rí i! Nígbà tó sá kúrò lẹ́wọ̀n lọ sí Spéènì, àwòrán Nast ni wọ́n fi dá a mọ̀ níbẹ̀ ní 1876. Ẹ̀wọ̀n ló kú sí ní 1878.

Ibi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń dúró sí nìyẹn, tí wọ́n á ní akọni ni Nast. Èmi kò lè dúró níbẹ̀.

Lóṣù kẹjọ ọdún 1865, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, Nast ya ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú kan tó pàdánù ẹsẹ̀ kan lójú ogun. Ó dúró ṣinṣin, ojú rẹ̀ jẹ́ ojú èèyàn pípé, ó níyì. Obìnrin tó dúró fún Amẹ́ríkà ń bi ará ìlú pé ṣé wọn ò ní fún ọkùnrin yìí ní ẹ̀tọ́ ìdìbò ni, nígbà tí àwọn ará Gúúsù tó ṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba ń tọrọ àforíjì? Lọ́dún 1871, ó ya obìnrin yẹn kan náà tó ń fi ara rẹ̀ bo ará Ṣáínà kan lọ́wọ́ àwọn jàǹdùkú. Iṣẹ́ ribiribi ni méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá ọdún 1876, gègé yẹn náà ló ya òṣùwọ̀n kan: aláwọ̀ dúdú jókòó lápá kan, ará Áyálándì jókòó lápá kejì, ìwọ̀n wọn dọ́gba. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìbò òpè ni ìbò àwọn méjèèjì. Aláwọ̀ dúdú yẹn kò wọ bàtà, ó la ẹnu gbàgà, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀gọ̀. Ti ará Áyálándì tún burú sí i, ojú ìnàkí ló gbé sí i lọ́rùn, bó ṣe máa ń ṣe fún wọn nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá péré ló wà láàárín ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ kan yẹn àti aláìní-bàtà yìí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1877, ìjọba àpapọ̀ dá ààbò àwọn ọmọ ogun rẹ̀ dúró ní ìpínlẹ̀ Gúúsù, ẹ̀tọ́ ìdìbò aláwọ̀ dúdú sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ fi ipá gbà á. N kò sọ pé àwòrán kan ló fà á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kí wọ́n tó gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n á ti kọ́kọ́ gba ojú rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ fi àwòrán àná wé tòní pé kó má wulẹ̀ to ọ̀ràn jọ. Àtìpó, owó nínú ìṣèlú, ìbò: ó wà níbẹ̀ lánàá, ó wà níbẹ̀ lónìí. Ojú ni kó wò. Ta ni wọ́n ya ojú èèyàn fún, ta ni wọ́n ya ojú ẹranko fún, ta ni wọn ò tiẹ̀ ya ojú fún rárá?

Ẹ jẹ́ ká wo ọdún 2019. Lóṣù kẹfà, bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì kú sínú odò Rio Grande, tó wà ní ààlà Mẹ́síkò àti Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń gbìyànjú àtikọjá sí Amẹ́ríkà. Michael de Adder, ọmọ Kánádà, ya àwòrán kan: Ààrẹ Donald Trump dúró ti àwọn òkú náà pẹ̀lú igi gọ́ọ̀fù, ó ń béèrè bóyá òun lè máa gbá bọ́ọ̀lù òun kọjá. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn tó ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde fòpin sí àdéhùn wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní kì í ṣe tìtorí àwòrán yẹn. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Keppler. Àtìpó ọdún 1893 dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, a rí ojú rẹ̀. Ti 2019 dojú bolẹ̀.

Ti owó nínú ìṣèlú yà mí lẹ́nu jù, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti dorí kodò. Ní oṣù kìíní ọdún 1889, Keppler ya Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Àwọn aṣòfin kéré bí ọmọdé lórí àga. Lẹ́yìn wọn ni àwọn òmìrán tí ikùn wọn jẹ́ àpò owó tò sí, wọ́n dúró fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá: irin, epo, ṣúgà, bàbà. Ilẹ̀kùn tiwọn ṣí sílẹ̀, ti ará ìlú wà ní títì pa. Nígbà yẹn ará ìlú kì í dìbò yan àwọn aṣòfin àgbà, àfi ní 1913 tí wọ́n tún òfin ṣe. Ẹ wá wo èyí tí Ann Telnaes yà fún Washington Post, tí olóòtú kọ̀ láti gbé jáde, tí obìnrin náà fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2025. Jeff Bezos tó ni ìwé ìròyìn náà àtàwọn olówó ẹgbẹ́ rẹ̀ kúnlẹ̀, wọ́n ń gbé àpò owó fún ère Trump tó ga fíofío. Olóòtú ní ìdí tóun fi kọ̀ ọ́ ni pé àwọn ti gbé ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ jáde. Telnaes gbé àwòrán náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ó sì gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá fún iṣẹ́ ìròyìn, lọ́dún yẹn. Ní 1889, olówó ló tóbi, olóṣèlú ló kéré. Ní 2025, olówó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ilẹ̀kùn ará ìlú kò tiẹ̀ sí nínú àwòrán yìí mọ́.

Ó ku ẹnì kan. Títí di ìsinsìnyí, àwọn aláwọ̀ funfun ló ń ya ojú aláwọ̀ dúdú nínú ọ̀rọ̀ mi. Àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìwé ìròyìn tiwọn. Nnamdi Azikiwe bá irú rẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà, kó tó wá dá West African Pilot sílẹ̀ l'Ékòó ní 1937, níbi tí Akínọlá Láṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, ti wá ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ tó ta ìjọba òyìnbó lẹ́gbà. Ọ̀kan nínú ìwé ìròyìn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni Pittsburgh Courier, níbi tí Jackie Ormes, obìnrin aláwọ̀ dúdú, ti ya Patty-Jo láti 1945 sí 1956. Ọmọbìnrin kékeré ni Patty-Jo, ó múra dáadáa, ẹnu rẹ̀ mú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ginger, kì í sọ̀rọ̀. FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, ṣí fáìlì lórí Ormes, ó sì tó ojú ewé 287.

Lóṣù kẹjọ ọdún 1955, wọ́n pa Emmett Till, ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ní Mississippi. Wọ́n ní ó súfèé sí obìnrin aláwọ̀ funfun. Ilé ẹjọ́ dá àwọn méjì tí wọ́n fẹ̀sùn kàn sílẹ̀. Òfin àpapọ̀ tó ka irú ìpànìyàn bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, tó sì jẹ́ orúkọ ọmọ náà, ọdún 2022 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Ormes kò dúró de ọdún 2022. Lóṣù kẹwàá ọdún 1955 yẹn, Patty-Jo yọ sí Ginger, ó ní òun ò fẹ́ kó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ń ká òun lára jù, àmọ́ ìkòkò tíì funfun kékeré tuntun yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ súfèé sí òun ni.