Ibo Gan-an Ni Háídrójìn Wà Nínú Irin?

Àtúnkọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó wáyé ní Òṣogbo

Ẹ̀yin ọ̀gá wẹ́dà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá: ẹni tó wọn iye háídrójìn inú irin, tí kò mọ ibi tó fara pamọ́ sí, kò tíì ṣe nǹkan kan. Wọn á ki irin bọ iná, wọn á gba gáàsì tó jáde, wọn á ní "ìdá 2 nínú mílíọ̀nù ni", wọn á lọ sùn. Bíi kí ọlọ́pàá sọ pé olè méjì wà nílùú, kó má sọ bóyá Òkè-Fìà ni tàbí Ìgbọ̀nà! Ìdá 2 tó fọ́n ká lè má ṣe irin ní nǹkan kan. Tó bá kóra jọ sí ojú ibi tí hóró irin ti pàdé, irin líle lè là.

Rírí rẹ̀ ló ṣòro. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 1 ló ní, irin ní 26, nítorí náà ẹ̀rọ X-ray á wò ó kọjá. Ó tún ń rìn káàkiri nínú irin láìsí iná. Èyí tó burú jù ni pé ó wà níbi gbogbo: lára ògiri ẹ̀rọ, nínú omi tí ẹ fi fọ irin, lọ́wọ́ yín. Èyí tí ẹ rí, ta ló mú un wá?

Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo dùtéríọ̀mù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wúwo ní ìlọ́po méjì. Nínú omi lásán, nǹkan bíi 1 ni nínú háídrójìn 6,400. Bí ẹ bá bá ọ̀pọ̀ rẹ̀ nínú irin, ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀. Inú D₂O, ìyẹn omi tó jẹ́ dùtéríọ̀mù ló wà nípò háídrójìn rẹ̀, la ó ki irin bọ̀, a ó so ó mọ́ orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gétíìfù. Ẹ má da kọ́sítíìkì lásán sí i o, háídrójìn tirẹ̀ á da iṣẹ́ rú. NaOD, kọ́sítíìkì tó jẹ́ dùtéríọ̀mù ló ní, ni kẹ́ ẹ lò. Bó bá ti jáde, ẹ nù ún, ẹ rì í bọ náítrójìn olómi, −196°C, lójú ẹsẹ̀, kí dùtéríọ̀mù má baà sá jáde. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ jẹ ẹ̀bà, òfo ni yóò yà láwòrán.

Lẹ́yìn náà ni a ó pọ́n ọn ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, kí ẹ̀rọ atom probe máa já átọ̀mù rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì máa fi bí wọ́n ṣe wúwo tó dá wọn mọ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ nìyí: háídrójìn méjì tó so pọ̀ wúwo tó dùtéríọ̀mù 1. Ẹ gbọ́dọ̀ yẹ irin kejì tí kò ní dùtéríọ̀mù wò, kẹ́ ẹ fi wé e. Báyìí ni wọ́n ṣe rí i ní Oxford, tí wọ́n gbé e jáde ní 2017, pé inú kábáídì, àwọn hóró kéékèèké tí kábọ́ọ̀nù àti mẹ́tàlì para pọ̀ di nínú irin, gan-an ló wọ̀ sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ara rẹ̀ nìkan ló ń lẹ̀ mọ́, ẹ kú àtúnrò o.

Alága ti ń fi aago hàn mí. Trítíọ̀mù, háídrójìn tó wúwo ní ìlọ́po mẹ́ta: ìtànṣán rẹ̀ ń fi àmì sára fíìmù, àmọ́ kò lè la irin ju nǹkan bíi máíkírómítà 1, òkè lásán lẹ ó rí. Níútírónì, tí a fi ń ya àwòrán bíi ti X-ray: ó ń la irin nípọn já, háídrójìn á dúdú nínú àwòrán, dùtéríọ̀mù ò fi bẹ́ẹ̀ dúdú. Ó tó.

*Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan:* "Ọ̀gá, irin tí a jó lánàá dára, ó là láàárọ̀ yìí. Ṣé òun náà nìyẹn?"

Ó lè jẹ́ òun gan-an, ẹ ṣeun! Ọ̀rinrin inú ẹlẹ́kítróòdù ló gbé e wọlé, ó sì rìn lọ sí ibi líle ẹ̀gbẹ́ ojú ìjó, kì í ṣe gbogbo irin. Ẹ wá rí i pé ibi tó wà ni ọ̀rọ̀? Ẹlẹ́kítróòdù 7018, inú ààrò ni kẹ́ ẹ ti gbẹ ẹ, 300 sí 350°C fún wákàtí 1 sí 2. Oòrùn orí páànù ò tó. 6010 ní tirẹ̀, ẹ má gbẹ ẹ bẹ́ẹ̀, ó nílò ọ̀rinrin tirẹ̀. Irin tó nípọn, ẹ kọ́kọ́ yá a níná kẹ́ ẹ tó jó o, kẹ́ ẹ sì dúró fún wákàtí 48 kẹ́ ẹ tó yẹ ojú ìjó wò.