Ọjà Ìkòròdú: Ta Ló Gbé E Kúrò Létí Ọ̀sà?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Sábó ní Ìkòròdú ni mo dúró sí yìí, ẹ máa gbọ́ ariwo àwọn agbèrò lẹ́yìn mi, ẹ fara mọ́ ọn.

Ibì kan wà tí gbogbo èèyàn máa ń ṣì sọ. Wọ́n á ní ọ̀nà mọ́tò ló sọ Ìkòròdú dọjà. Rárá o! OMI ni. Ọkọ̀ ojú omi ń kó iyọ̀, aṣọ, ìbọn àti ẹ̀tù wá láti Èkó. Epo àti èkùrọ́ ń bọ̀ láti òkè, orí ni wọ́n fi ń rù ú gba ilẹ̀ Rẹ́mọ kọjá. Ọ̀nà yẹn lówó lórí débi tí wọ́n fi jagun nítorí ẹ̀. Ẹ̀gbá ò fẹ́ kí ìbọn dé ọwọ́ Ìbàdàn, Ìkòròdú ò sì ti ọ̀nà, ni Ẹ̀gbá bá dó tì wọ́n. Oṣù kẹta ọdún 1865, Glover, òyìnbó tó ń ṣàkóso Èkó, kó sójà wá, ó lé Ẹ̀gbá lọ. Ẹ má pè é láàánú o, ọjà Èkó ló ń jà fún!

Ohun tí ogun ò rí gbà, reluwé gbà á láìyìnbọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ irin láti Èkó ní 1896, ó dé Ìbàdàn ní 1901. Kò yà sí Ìkòròdú. Abẹ́òkúta lẹrù wá ń gbà.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀kọ́ tí ìyẹn kọ́ wa ni mo fẹ́ pariwo: ẸSẸ̀ ÈÈYÀN LỌJÀ Ń TẸ̀LÉ! Ẹ da ṣúgà sígun ilé, kẹ́ ẹ wo èèrà. Èèrà ò ka pátákó.

Ibi táwọn tó ń tún ọjà kọ́ ti ń ṣìnà gan-an nìyẹn. Wọ́n á kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n á gbé aláta lọ sókè. Ta ló fẹ́ gun àtẹ̀gùn nítorí ata ọbẹ̀ kan? Wọ́n fún ìyá mi nírú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ rí, n ò ní dárúkọ ọjà náà. Edé ló ń tà. Títí aago mẹ́rin, kóńgò kan ò kúrò nílẹ̀. Inú bí i, ó gbé àtẹ sọ̀ sẹ́nu géètì. Kí wọ́n tó pe ìrun Màgàríbì, àtẹ ti ṣófo.

Ẹni tó bá fẹ́ tún ọjà ṣe, kó wá dúró síbí láago márùn-ún, kó wo ibi tí ẹni tó bọ́ nínú ọkọ̀ kórópe kọ́kọ́ ń yà sí. Ibẹ̀ ni kó tẹ́ àtẹ sí. Kí ẹni tó ń ta fíríìjì lọ sókè!

Ẹ wo màmá yẹn, ó ti tẹ́ ẹ̀fọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì pa. Ajé á wọgbá o, mà! Èló ni ìdì ṣọkọ yẹn?