Tachograph Dé Inú Van: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Tó Ń Kẹ́rù Láti Ìlú Ọba Lọ sí Yúróòpù

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀. Ọjọ́ tí òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ fún van ló mú wa péjọ: ọjọ́ 1 oṣù Keje, ọdún 2026. Ọkọ̀ ẹrù tó ju tọ́ọ̀nù 3.5 lọ ni òfin wákàtí awakọ̀ ní Yúróòpù ti ń dè tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, yóò de van tó bá ju tọ́ọ̀nù 2.5 lọ, tó ń gbowó kẹ́rù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Tachograph tuntun, ẹ̀dà kejì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣàkọsílẹ̀ wákàtí tí awakọ̀ fi wakọ̀ àti èyí tó fi sinmi, gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ìwọ̀n tí mo wí yìí kì í ṣe ti ẹrù òní o. Èyí tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ pé kò gbọdọ̀ kọjá ni, pẹ̀lú ohun tí ẹ bá so mọ́ ọn lẹ́yìn. Kódà bí ọkọ̀ ṣófo, òfin kàn án. Ẹni tó ń kẹ́rù láàrin Ìlú Ọba nìkan kò sí nínú èyí.

Inú mi dùn sí òfin yìí, ẹ jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀. Mo ti sùn lórí sítíárì rí, lóru, ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ Faransé. Ariwo táyà lórí ìlà etí títì ló jí mi. Ara kì í ṣe òkúta.

Ẹ gbé e sórí ọ̀nà wò. Calais ní Faransé sí Milan ní Ítálì lé ní kìlómítà 1,000, ó ju wákàtí 10 lọ lórí sítíárì. Bí awakọ̀ bá ti wa ọkọ̀ fún wákàtí 4 àti ààbọ̀, ó gbọ́dọ̀ sinmi fún ìṣẹ́jú 45. Wákàtí 9 ló lè fi wakọ̀ lójúmọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́sẹ̀ ló lè di 10. Fún awakọ̀ kan ṣoṣo, Milan ti di ìrìn ọjọ́ méjì nìyẹn. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ lọ tún iye tí ẹ ń dá lé oníbàárà ṣe.

Ibi tó ń dà mí láàmú jù ni bọ́tìnnì ara tachograph, tí awakọ̀ ń tẹ̀ láti sọ ohun tó ń ṣe. Àwòrán bẹ́ẹ̀dì ni ìsinmi, òòlù méjì tó dábùú ara wọn ni iṣẹ́ mìíràn. Bí ẹ bá ń já ẹrù, òòlù ni kí ẹ tẹ̀. Ẹni tó tẹ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí páálí wà léjìká rẹ̀ ń fi oorun ara rẹ̀ tọrẹ. Ẹ̀rọ yìí tún ń fi sátẹ́láìtì mọ ibi tí ẹ ti sọdá ẹnubodè, ìwé ọjọ́ 56 sẹ́yìn sì ni aláṣẹ lè bèèrè lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ẹ gbọ́: òfin kò gbà kí ẹ máa fi jíjìn ọ̀nà tàbí iye ẹrù díwọ̀n owó awakọ̀, bí ìyẹn yóò bá mú un sáré tàbí kó má sùn. Àṣìṣe awakọ̀ lè kàn yín náà. Ẹ gba àyè lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ náà sọ́kọ̀ kí èrò tó pọ̀. Ẹ̀yin awakọ̀, ọ̀dọ̀ DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ awakọ̀ ní Ìlú Ọba, ni ẹ ó ti gba káàdì tí ẹ ó máa fi sínú tachograph. Ẹ má fi ti ẹlòmíràn wakọ̀, bí ọ̀gá tilẹ̀ ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.